Ohun Tí Kékeré Sọ Nídìí Ẹ̀rọ Omi

"Ta ló lè sọ fún mi ìdí tí ojú mi yìí kì í fi í ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀?"

Olùkọ́ bàyọ́lọ́jì ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka sí ojú ara rẹ̀, eruku funfun sì ti kùn ún nímú. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màmá Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà mọ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí á tiẹ̀ dáhùn sí orúkọ náà.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìlànà kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara mi látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì ojú kì í gbàgbé ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó ní ẹ̀dọ̀ lòun?"

Kékeré ti dìde kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó ti ka orí ìwé yẹn títí tó fi ń bá a sùn.

"Jíìnì ni, Mà. Gbogbo jíìnì ló pé sínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn purotéènì kan wà tó ń jókòó lé jíìnì lórí láti pa á dé, àwọn mìíràn sì wà tó ń ṣí i. Èyí tí wọ́n bá ṣí ni sẹ́ẹ̀lì á dà kọ, tí á sì fi ṣe purotéènì tirẹ̀. Jíìnì ojú wà nínú ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n pípadé ló wà."

"Ó pé," ni olùkọ́ wí. "Kò sí ohun tó kù. Ẹlòmíràn ńkọ́?"

Kékeré wò ó sùn-ùn. Bó bá ti pé, kí la tún ń bi ẹlòmíràn sí?

Lẹ́bàá fèrèsé, ọmọbìnrin kan fi ọwọ́ ti tábìlì, ó sì rọra dìde. "Mà, ẹ jẹ́ ká wo ilé kan tó ní yàrá púpọ̀. Súìṣì iná wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń dáná á tan ti ilé ìdáná, ẹni tó fẹ́ sùn á pa tiẹ̀. Ilé kan náà ni, àmọ́ mímọ ibi tó yẹ kó tàn àti ìgbà tó yẹ kó kú ló ń jẹ́ kí ilé tòrò. Jẹjẹrẹ ni ọjọ́ tí súìṣì kan bá há. Wọn á tẹ̀ ẹ́, wọn á tún un tẹ̀, kò ní kú mọ́."

Màmá Sẹ́ẹ̀lì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ẹyinjú, ìwọ lò ń lọ bá wa sọ̀rọ̀ níbi ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́. Kékeré, ìwọ á bá a dé ibẹ̀. Ìwọ á máa gbé pátákó àwòrán dání fún un."

Kékeré jókòó. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń jó bí ẹni tó mu omi ata.

Kì í ṣe pé ó kórìíra Ẹyinjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, orí ibùsùn kan náà ni wọ́n sì ń sùn. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ooru áyọ́ọ̀nù àti òórùn sítáàṣì ló sì ń kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀ kí onílé tó kí i. Iṣẹ́ jórinjórin ni bàbá wọn ń ṣe; òun ló ń ṣe ilẹ̀kùn onírin fún àwọn tó ń kọ́lé. Ẹyinjú-ẹgẹ́ ni ìyá àgbà sọ àkọ́bí wọn nítorí ojú rẹ̀ tó tóbi tó sì ń dán. Nígbà tí èkejì dé, wọ́n kàn ń pè é ní Kékeré, bóyá nítorí pé wọ́n ti ná ọ̀rọ̀ dídùn tán sórí ti àkọ́kọ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀wẹ̀, Kékeré ní orúkọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ̀m̀pútà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kò tíì sí ẹni tó gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.

Ọdún tó kọjá ni àárẹ̀ mú Ẹyinjú. Ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń làágùn, aṣọ ń tóbi sí i lára, ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn rẹ̀ sì le gbandi. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé irú tirẹ̀ ní oògùn: kóró kan láràárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú omi ife ńlá. Oògùn náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wú ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣí bí aṣọ tí oòrùn pa. Ọdún ẹ̀kọ́ kan bá àìsàn náà lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sí kíláàsì tó fi sílẹ̀, kíláàsì náà ló sì ti di ti Kékeré.

Ìyá wọn kìlọ̀ fún àwọn méjèèjì. "Ọ̀rọ̀ inú ilé ni o. Ọ̀gá ilé ìwé yín nìkan ni mo sọ fún. Ẹni tó ni àìsàn ló ni ẹnu tí wọn á fi sọ ọ́."

Àǹtí mi ni Kékeré ń pe Ẹyinjú, "ẹ" ló sì máa ń sọ sí i. Nínú kíláàsì, gbogbo èèyàn ń sọ "o" sí Ẹyinjú, òun nìkan ló ń sọ "ẹ". Ni wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Kékeré, àǹtí ẹ ń pè ẹ́ o!" Bí orúkọ ilé ṣe tẹ̀ lé e dé ilé ìwé nìyẹn, tí Kọ̀m̀pútà sì kú ikú àìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Ẹyinjú ló ṣe ipò kìíní.

Nílé ńkọ́? Bó bá ku ẹyin kan nínú àwo, ti Ẹyinjú ni. "Ẹyinjú, ṣé o ti jẹun? Ẹyinjú, ṣé o ti lo oògùn?" Bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ tí Kékeré gba ẹ̀bùn ìṣirò, tó sáré gbé e wá fún ìyá rẹ̀ nídìí tábìlì ìlọṣọ, ìyá náà yọ̀, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Jọ̀ọ́, bá mi wo ẹ̀gbọ́n ẹ bóyá ó ti jí." Ọ̀rọ̀ náà há Kékeré lọ́fun bí eegun ẹja. Kò gbé e mì, kò sì pọ̀ ọ́.

Nígbà ìsinmi ọjọ́ tí Màmá Sẹ́ẹ̀lì mú Ẹyinjú yìí, àwọn ọmọbìnrin tò sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń pọnmi sínú ike. Ẹni tó wà lẹ́yìn Kékeré ni èyí tí wọ́n ń pè ní Rédíò, ọmọ tí ìròyìn kì í sùn mọ́ lẹ́nu.

"Kékeré," ni Rédíò wí, "ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lò ń lọ ru pátákó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Kò burú o. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó kàwé nìyí, ẹni tó gba ìyìn nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ ní bó bá ti ìdíje yẹn dé, òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwa fẹ́ràn rẹ̀ o. Ọmọ dáadáa ni, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu."

Owú dìde nínú Kékeré.

"Ẹ má yìn ín jù," ló wí. "Ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó dá a dúró nílé lódidi ọdún kan? Jẹjẹrẹ ni. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń wú u lójú. Ọ̀rọ̀ súìṣì tó sọ tí ẹ ń pariwo lé lórí, ẹnu dókítà ló ti gbọ́ ọ."

Ike tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ti kún, omi ń dà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó tì í. Rédíò sún sẹ́yìn.

"Ṣé ó máa ń ràn ni?"

Ẹ ò rí i, Kékeré mọ èsì ìbéèrè yìí. Ká ní wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ nínú ìdánwò, á kọ ojú ìwé méjì lé e: pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kì í ràn, pé a kì í kó o nínú ife, a kì í kó o nínú èémí, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kó o nípa fífọwọ́ kan ara. "Rárá" nìkan ló yẹ kó sọ. Ó wo ilẹ̀.

"Èmi ò mọ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi kì í mu omi nínú ife rẹ̀."

Irọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, tíì tó ṣẹ́kù sí ìdí ife Ẹyinjú, òun ló gbé e mu.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kí agogo tó dún, ọ̀rọ̀ náà ti rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ Kékeré kò lè bá a dé. Ẹni tó ń bá Ẹyinjú jókòó kó ìwé rẹ̀ lọ sí ìjókòó mìíràn, ó ní oòrùn ń pa òun níbi fèrèsé, bẹ́ẹ̀ òjò ló ṣú. Ọmọkùnrin kan tí Ẹyinjú yá ní bírò fi aṣọ nù ún kó tó fi kọ nǹkan. Nígbà tí Ẹyinjú wúkọ́, ìlà ìjókòó kan yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín padà.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bí àwọn méjèèjì ti ń lọ aṣọ oníbàárà nírọ̀lẹ́, Ẹyinjú gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró.

"Kékeré, wò mí dáadáa. Ṣé ojú mi burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o, Àǹtí mi."

"Má purọ́ fún mi. Wọ́n ti mọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Ọ̀gá ilé ìwé ò sì jẹ́ sọ ọ́. Ojú tó ń wú yìí ló tú mi fó."

Díẹ̀ ló kù kí kọ́là tó wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù Kékeré jó. Ó yára gbé e. Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rù náà, nǹkan kan tó jọ ìtẹ́lọ́rùn ń mì díẹ̀díẹ̀, ojú sì tì í pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú Ẹyinjú bẹ̀rẹ̀ sí í fà padà. Ìyá wọn yọ̀. "Ẹyinjú-ẹgẹ́ mi ti ń padà bọ̀!" Kékeré náà rí i, kò sì mọ ohun tó fà á, títí di ọjọ́ tó ń yẹ àpò aṣọ ilé ìwé wò kó tó rì wọ́n sínú omi ọṣẹ. Nínú àpò Ẹyinjú ló ti bá bébà kan tí wọ́n ká róbótó. Oògùn ló wà nínú rẹ̀, kóró bíi mélòó kan, itọ́ sì ti yọ́ ara wọn díẹ̀. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ju oògùn sẹ́nu lójú ìyá wọn, ó ń mu omi tẹ̀ lé e, bó bá sì dé kọ̀rọ̀ á tu ú.

Kékeré dúró pẹ̀lú bébà náà lọ́wọ́. Ọkàn kan ní, "Ké sí Màmá." Èkejì ní, "Bí o bá ké sí wọn, wọ́n á bi í pé kí ló dé tó fi ń tu ú. Á ní torí àwọn ọmọ ilé ìwé. Wọ́n á wádìí ẹni tó sọ fún àwọn ọmọ náà." Lẹ́yìn náà, ọkàn kejì yìí rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ èyí tó wà nídìí ọ̀rọ̀ gan-an: "Kò ní kú. Ó lè kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bó bá sì rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìdíje, ta ni wọ́n máa mú?"

Ó ká bébà náà padà, ó tì í bọ inú àpò aṣọ mìíràn tí Ẹyinjú máa wọ̀, ó sì ri èyí tó kù sómi.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kékeré gbọ́ hùrùhẹ̀rẹ̀ náà lórí ibùsùn tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹyinjú tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Oúnjẹ díẹ̀ ló ń yó o. Bó bá gun àtẹ̀gùn, á dúró láàárín, á ṣe bí ẹni ń wo ìta. Ojoojúmọ́ ni Kékeré ń sọ pé òun á wí lọ́la. Ọ̀la ń di àná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Ẹyinjú ò lè dìde. Ara rẹ̀ gbóná bí ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìyá wọn ní òun á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí oníbàárà tó fẹ́ gba aṣọ bá ti lọ.

"Kékeré, máa lọ," ni Ẹyinjú wí láti orí ìrọ̀rí. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kí Màmá Sẹ́ẹ̀lì dá lọ."

Gbọ̀ngàn náà tóbi, àga rẹ̀ rọ̀, fáànù òkè ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn, Kékeré gun orí pèpéle. Ohun tó ti ń wù ú ló dé yìí: ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú rẹ̀, ojú gbogbo èèyàn lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní àbúrò ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀rọ̀ bí omi tó ń dà látinú ẹ̀rọ. Ó ní jíìnì kan wà tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pé kó pín sí méjì. Bí iṣẹ́ bá wà, á sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ bá tán, á dákẹ́. Nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, jíìnì yìí á já kúrò láyè rẹ̀, á lọ lẹ̀ mọ́ òmíràn lódì, láti ọjọ́ náà kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ mọ́. "Ẹ pín! Ẹ pín!" ni á máa wí, títí sẹ́ẹ̀lì funfun á fi kún inú ẹ̀jẹ̀ bí èrò tó kún ilé tí kò láyè mọ́. Ó ní oògùn wà fún irú èyí. Oògùn náà kò tún jíìnì tó bàjẹ́ ṣe. Ó kàn ń dí purotéènì rẹ̀ lẹ́nu ni, lójoojúmọ́.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Màmá Sẹ́ẹ̀lì ń fi gèlè nu ojú. Adájọ́ kan, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, tẹ̀ síwájú.

"O káre, ọmọ mi. Ìbéèrè kan péré. Aláìsàn tó bá wá fi oògùn yẹn sílẹ̀ ńkọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ẹnu purotéènì náà á tún là, Sà," ni Kékeré bẹ̀rẹ̀. "Sẹ́ẹ̀lì á tún máa pín. Á máa rẹ aláìsàn náà, á máa làágùn... ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn rẹ̀ á le, oúnjẹ kò ní..."

Ohùn rẹ̀ já. Ó ń gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, kì í sì í ṣe inú ìwé ló ti ń kà á mọ́.

"Bó bá pẹ́ ńkọ́?" ni adájọ́ náà rọra bi í.

"Bó bá pẹ́... ó lè kú, Sà." Ó di ọ̀pá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi oògùn sílẹ̀, èmi ni mo mọ̀, mi ò sọ."

Màmá Sẹ́ẹ̀lì kò bi í ní ohunkóhun. Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n sáré jáde, ó sì wa ọkọ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Nínú ọkọ̀ náà ni Kékeré ti pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù olùkọ́, ó sì ro ọ̀rọ̀ oògùn inú bébà náà fún un.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Ẹyinjú ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fa omi sí i lára. Tààrà láti ibi iṣẹ́ ni bàbá wọn ti wá, eérú irin ṣì wà ní irun apá rẹ̀. Dókítà, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ti gòkè gan-an. Kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Mi ò tíì lè sọ bóyá oògùn tàtijọ́ ṣì máa ràn án. Nígbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó bá rí àyè máa ń yí padà, oògùn ò sì ní ràn án mọ́. Ó lè jẹ́ pé a máa wá èyí tó lágbára jù ú lọ."

"Dókítà, ẹ dákun," ni bàbá wọn wí, "ṣé látara mi ló ti kó o ni?"

"Rárá, Bàbá. A kò bí i mọ́ ọn, kò sì kó o lára ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì kan ń pín lọ́jọ́ kan ló ṣe àṣìṣe. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi rẹ̀." Ó wá wo àyíká. "Ti oògùn tó dá dúró ni mo fẹ́ mọ̀."

Kékeré ì bá dákẹ́ síbẹ̀. Bébà inú àpò nìkan ni ìyá rẹ̀ mọ̀. Kò tíì mọ ti ìdí ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti là, kò sì fẹ́ kó padé mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀: Rédíò, ìbéèrè tó bi í, irọ́ orí ife, àti ohun tó ń retí nígbà tó ká bébà náà padà.

Bàbá rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Ká ní ó nà án, ì bá sàn fún un. Ìyá rẹ̀ jókòó lé bẹ́ńṣì bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn.

"Ọmọ ìyá rẹ, Kékeré?"

"Màámi, ẹ̀yin ò rí mi mọ́," ni Kékeré wí, omijé ń dà. "Gbogbo ìgbà ni ẹ̀ ń bi Àǹtí mi bóyá wọ́n ti jẹun."

Ìyá náà pa ojú dé. "Òótọ́ ni. Ẹni tí iná ń jó lára là ń wò, a gbàgbé ẹni tí òtútù ń pa. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní kí o purọ́. Ìyẹn, tìrẹ ni. Wọlé lọ, kí o sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín."

Kékeré wọlé. Ẹyinjú gbọ́ ọ títí dé ìparí, ojú rẹ̀ ń wo òrùlé.

"Ojú mi ni mo ń bá jà," ló wí. "Mo dúró níwájú dígí, mo ń ṣépè fún ìpéǹpéjú mi. Àṣé ìwọ ni?"

"Àǹtí mi, ẹ forí jì mí."

"Ṣé o mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe lórí pèpéle yẹn? Mo fẹ́ sọ fún wọn pé èmi ni. Mo fẹ́ sọ pé àìsàn tí mo ń ṣàlàyé yìí, èmi ló ń ṣe, ẹ wò mí, mo dúró. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ tí Màmá Sẹ́ẹ̀lì ti mú mi. O gba ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu mi, Kékeré, o lọ fi ṣe òfófó." Ó yí ojú sí ògiri. "Máa lọ. Mi ò fẹ́ rí ẹ báyìí."

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yẹn ń dún létí Kékeré bó ti ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọjọ́ Ajé, ó bẹ ìyá rẹ̀ kó bá òun béèrè lọ́wọ́ Ẹyinjú bóyá òun lè bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Èsì tó wá ni pé, "Kó jẹ́wọ́ irọ́ tirẹ̀. Kó má fi kan ìtàn tèmi." Ohun tó sì ṣe nìyẹn. Ó dúró níwájú gbogbo wọn.

"Mo sọ fún yín pé èmi kì í mu omi nínú ife ẹ̀gbọ́n mi. Irọ́ ni mo pa. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bi mí, mo sì fi yín sílẹ̀ kí ẹ máa sá fún un, nítorí pé mò ń jowú rẹ̀. Ìwà yín sí i, èmi ni mo fi kọ́ yín."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Rédíò, tó gbé ìròyìn náà káàkiri, ló kọ́kọ́ pòṣé. "Ẹni tó lè ta ọmọ ìyá rẹ̀, ta ni kò lè tà?" Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún bá Kékeré jókòó. Màmá Sẹ́ẹ̀lì kò mú un fún ìdíje kankan mọ́ lọ́dún náà. Kékeré kò jiyàn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wọn ló ń bá a gbé e lọ.

Oògùn tàtijọ́ kò ràn án mọ́ lóòótọ́. Dókítà fún Ẹyinjú ní òmíràn, ara rẹ̀ sì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó bì, ó rù, ó tún sunkún pé òun fẹ́ máa lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò kù fẹ́ẹ́rẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Ọjọ́ tó padà sílé ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Ọ̀gá pé kó jẹ́ kí òun bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ níbi ìpéjọ òwúrọ̀. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, aṣọ ilé ìwé tóbi sí i lọ́rùn. Ó sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, ó sọ bí ó ti fi oògùn sílẹ̀ nítorí ìtìjú, àti bí ìyẹn ṣe fẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó parí, àwọn olùkọ́ dìde dúró fún un, Rédíò sì ń sunkún kíkankíkan.

Láàárín èrò, nǹkan kan tún yọjú nínú Kékeré. Owú ni. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n báyìí, bí èèyàn ṣe mọ aládùúgbò tó máa ń wá yá nǹkan tí kì í dá a padà. Lọ́jọ́ yẹn, kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó la èrò kọjá, ó lọ dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, nítorí pé ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ Ẹyinjú kò tíì le tó láti sọ̀kalẹ̀ nìkan.

Ẹyinjú wò ó. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Má rò pé mo ti gbàgbé o."

"Mo mọ̀, Àǹtí mi."

"Ó ṣì ń dùn mí." Ó sọ̀kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan, ó sinmi. "Ṣùgbọ́n ìdánwò ti dé, mi ò sì mọ ẹlòmíràn tó lè là mí lóye ẹ̀kọ́ tí mo pàdánù. Nírọ̀lẹ́ òní, kó ìwé ẹ wá."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, kò sẹ́ni tí owú kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á dé bá ọmọ rere, á dé bá ọmọ burúkú. Kì í ṣe dídé tó dé ni ẹ̀ṣẹ̀, iṣẹ́ tí a bá jẹ́ fún un ni. Bí ó bá dé sí yín lọ́kàn, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè gbọ́ ọ kó tó gba ẹnu yín sọ̀rọ̀. Àṣírí aláìsàn kì í ṣe tiwa láti tú. Bí a bá sì mọ òtítọ́ tó lè gba èèyàn là, kí á sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bi wá. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó lè ti pẹ́ jù.